Kì í ṣe sìgá ló ń dẹ́rù bà mí, ọjọ́ tí kò ní sí sìgá ni

Atẹ̀wé_Ṣómólú · Ajé, 11:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí. Sìgá tí mò ń fà lójúmọ́ á tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá di ìparí ọdún, tí ìjọ àti ẹgbẹ́ àti olóṣèlú bá ń sáré kàlẹ́ńdà, tí a ò sùn mọ́, á lé ní ogún. Àfojúdá ni o, mi ò kà á rí. Ẹyọ ẹyọ ni mò ń rà á lọ́wọ́ Máàlámù ẹnu géètì wa, ẹni tó bá sì ń ra nǹkan lẹ́yọ lẹ́yọ kì í mọ iye tó ti rà.

Mo fẹ́ jáwọ́. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ fún mi pé ó ń pani. Mo mọ̀. Èmi yìí ni mo tẹ sítíkà "A kì í mu sìgá níbí" ẹgbẹ̀rún méjì fún ilé-ìwé kan lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan há sí mi létí bí mo ṣe ń kó bébà sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rù ni mo wá bá yín sọ. Ẹ̀rù ń bà mí láti fi í sílẹ̀, ojú sì ń tì mí pé ó ń bà mí.

Ẹ wo bó ṣe rí. Tí a bá ń tẹ iṣẹ́ aláwọ̀ mẹ́rin, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní pléètì tirẹ̀, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ara wọn gẹ́lẹ́. Bí ọ̀kan bá fi ìbú irun orí yẹ̀, ètè ìyàwó tó wà lórí káàdì ìgbéyàwó á di mẹ́rin. Ọwọ́ àti ojú ni mo fi ń tún un ṣe. Tí mo bá wá lo wákàtí mẹ́rin láìfa sìgá, bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ọwọ́ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí mo bá jáwọ́, kí ni mo fẹ́ máa fi jẹun?

Èkejì, orí bẹ́ńṣì Máàlámù ni iṣẹ́ ti ń bọ̀. Àwọn alágbàtà tó ń mú oníbàárà wá kò ní ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, sìgá lọ́wọ́, wọ́n á ní "Ọ̀gá, ìwé ìléwọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún kan wà o." Ẹni tí kò sí níbẹ̀, iṣẹ́ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni 2021. Mo gbìyànjú rẹ̀ nígbà náà, ọjọ́ márùn-ún ni mo lò. Mo bú oníbàárà tó kàn béèrè ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ máa jáde. Mo lé ọmọ iṣẹ́ mi lọ sílé. Mo fọ́ abọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ìyàwó mi, tó ti ń bẹ̀ mí láti ọdún mẹ́jọ pé kí n jáwọ́, na owó sí mi fúnra rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rà á." Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kúrò níbẹ̀, kí lẹ ṣe sí ẹ̀rù yìí?

Ìyá_Ìbejì_Agége · Ìṣẹ́gun, 5:32 àárọ̀

Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú àdúrà. Ẹ kó èyí tó kù dà sí ṣalángá. Ó parí.

Ọ̀dọ́_Gbàgede · Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ sórí ṣíṣà jàre. Omi ló ń sẹ́ ẹ, èso ló ń rùn. Èmi ò fọwọ́ kan sìgá láti ọdún tó kọjá.

Nọ́ọ̀sì_Modákẹ́kẹ́ · Ìṣẹ́gun, 6:25 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ òru ni, ẹ jẹ́ kí n kọ èyí kí oorun tó gbé mi.

Àbúrò tó ń sọ ti ṣíṣà, omi kì í sẹ́ níkòtíìnì, èròjà inú tábà tó ń sọ ọ́ di bárakú, bí ẹní ń sẹ́ ògì. Èédú sì tún ń jó lórí rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó tì í fún wákàtí kan, èéfín tó gbé mì ju ti sìgá kan lọ fíìfíì.

Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ tún un wò. Ẹ ní sìgá ló ń mú un dúró. Kí ló kọ́kọ́ mú un gbọ̀n? Níkòtíìnì kì í pẹ́ lára. Ní bíi wákàtí méjì, ìdajì rẹ̀ ti lọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá fa ọ̀kan láago mẹ́jọ kí ẹ tó wọlé ìsìn, nígbà tí wọ́n bá fi ń gba ọrẹ, ọpọlọ ti ń béèrè òmíràn. Ìbéèrè yẹn lẹ rí lọ́wọ́ yín. Èyí tí ẹ wá fà nígbà tí ìsìn parí, ohun tí ti àárọ̀ bà jẹ́ ló tún ṣe. Ẹ mọ àwọn olówó sogúndogójì, àwọn tó ń yá yín lówó kí ẹ lè fi san gbèsè tí ẹ jẹ wọ́n? Iṣẹ́ wọn ló ń ṣe.

Ẹ ò parọ́ pé ó nira. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń le jù: ìkanra, àìrísùn, ebi, ọkàn tí kò pa pọ̀. Lẹ́yìn náà ó ń rọlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lọ. Ẹ wá ka ìka yín fún 2021: ọjọ́ márùn-ún. Ẹ ti gun orí òkè, ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, ibẹ̀ lẹ ti yà padà. Kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ fún yín. Ìyẹn ló dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yín.

Ní ti pé sìgá ń ba ìdààmú lọ: ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2014 tó kó ìwádìí 26 jọ. Àwọn tó jáwọ́, tí wọ́n sì dúró síbẹ̀, àníyàn wọn àti ìrẹ̀wẹ̀sì wọn dín kù sí ti àwọn tó ń fà á lọ. Ẹ̀yin rò pé ẹ fẹ́ ju ọ̀pá ìtìlẹ̀yìn nù ni. Ó jọ pé ọ̀pá yẹn ló ń gbá yín lẹ́sẹ̀.

Oorun ti dé.

Lọ́yà_Ṣàgámù · Ìṣẹ́gun, 8:14 àárọ̀

Àfikún kékeré: títa sìgá lẹ́yọ lẹ́yọ, òfin ìdarí tábà ti 2015 ti kà á léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Odindi pákéètì tó ní ogún ló yẹ kí wọ́n máa tà.

Atẹ̀wé_Ṣómólú · Ìṣẹ́gun, 8:31 àárọ̀

Máàlámù ò tíì gbọ́, sà.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham · Ìṣẹ́gun, 1:05 ọ̀sán

Àbúrò mi, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi fà á. Ọmọ Ìjẹ̀bú Igbó ni mí, Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Ní ọjọ́ kìíní Oṣù Keje 2007, òfin dé ní England pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fa sìgá nínú ilé ọtí, ilé oúnjẹ, ibi iṣẹ́, gbogbo ibi tó bá ní òrùlé àti ògiri tí ará ìlú ń wọ̀. Àga tí mo ti ń jókòó fà á láti bí ọdún mẹ́wàá lé mi síta lọ́jọ́ kan. Mo ń dúró sínú òjò bí adìyẹ. Òjò yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ran amusìgá lọ́wọ́ lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n orí mi.

Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ kò fi ẹ̀dọ̀fóró dúdú kankan hàn mí. Ó ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka èéfín olóró tó ń gba ipò afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, irú èyí tó ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá. Ó ka 24. Mo padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò fà á, ó ka 2. Ó ní ọjọ́ kan péré ti tó fún ìyẹn láti lọ lára. Mo di ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ gba máàkì! Nítorí nọ́ńbà yẹn ni mi ò ṣe fa ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ó fún mi ní èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá, tí níkòtíìnì ń gba awọ ara wọlé díẹ̀díẹ̀. Ibi tí o bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ lónìí, má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ lọ́la, á máa yún ọ. Èmi gbé e sùn, mo sì fi gbogbo òru lé ewúrẹ́ ìyá àgbà mi kiri Ìjẹ̀bú Igbó, ewúrẹ́ ń bá mi fi òyìnbó sọ̀rọ̀. Tí àlá bá dà ọ́ láàmú, bọ́ ọ kí o tó sùn. Ṣíńgọ́ọ̀mù rẹ̀ náà wà. Má ṣe jẹ ẹ́ bí ṣíńgọ́ọ̀mù ọmọdé o. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, òsúkè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nínú bọ́ọ̀sì. Ṣe ni o máa rún un díẹ̀ títí á fi máa ta ọ́ lẹ́nu bí ata, wàá wá tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, wàá fi í sílẹ̀. Tí títa yẹn bá lọ, tún un rún.

Ti bẹ́ńṣì. Èmi náà bẹ̀rù pé n kò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ń bá wọn jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń fà á, tíì lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹni tó bi mí. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ẹnì kan tó wò mí ní "Ìwọ, o ò fà á mọ́ ni?" Mo ti rò pé ojú gbogbo ayé ló wà lára mi.

Atẹ̀wé_Ṣómólú · Ìṣẹ́gun, 1:40 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ewúrẹ́ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín dé ilẹ̀. Ṣé a lè rí àwọn nǹkan yìí rà níbí?

Nọ́ọ̀sì_Modákẹ́kẹ́ · Ìṣẹ́gun, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ rí àwọn ilé òògùn ńláńlá ní Èkó, ẹ bi wọ́n. Kẹ́míìsì àdúgbò lè máà ní in, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ti ṣíńgọ́ọ̀mù, oríṣi méjì ló wà, 2mg àti 4mg. Ìgbà tí ẹ ń fa ti àkọ́kọ́ láàárọ̀ la fi ń mọ̀: bí ẹ bá ń fà á kí ó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ jí, 4mg ni tiyín. Oògùn oníhóró náà wà tí dókítà lè kọ, varenicline àti bupropion. WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, fi wọ́n kún àkọsílẹ̀ àwọn oògùn kòṣeémánìí ní 2021. Bupropion kì í ṣe ti ẹni tó bá ní wárápá o. Ẹ má rà á lójú pópó.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn · Ìṣẹ́gun, 9:17 alẹ́

Kí n má parọ́, tábà ló rán mi lọ sí ilé-ìwé. Bàbá mi gbìn ín ní Òkè-Ògùn fún kóńpìnnì. Wọ́n á fún wọn ní irúgbìn àti ajílẹ̀ ní àwìn, wọ́n á yọ owó wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọn ewé. Àwa ọmọdé la ń já a láàárọ̀ kùtù, kí ìrì tó gbẹ. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìrì rẹ̀ á rin aṣọ dé èjìká. Ní bíi aago mẹ́wàá, orí á máa yí mi, mo á lọ bì sí ẹ̀yìn àká tí wọ́n ti ń fi iná gbẹ ẹ. Ìyá mi á ní ebi ni, á fún mi ní ẹ̀kọ.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé níkòtíìnì inú ewé tútù ló ń gba awọ ara wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí kò fa sìgá rí! Ohun tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ tó kàn gbé ewé rẹ̀ mọ́ra, tó bá di àgbàlagbà mú fún ogún ọdún, kí ẹnikẹ́ni má pe onítọ̀hún ní ọ̀lẹ. Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n ní ojú ń ti òun. Kí ló kan ojú níbẹ̀?

Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní kí ẹ lọ máa fín aáṣáà, ewé kan náà ni wọ́n lọ̀. Bàbá mi ò fa sìgá lọ́jọ́ ayé rẹ̀. Aáṣáà ló ń fín, a ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú.

Obìnrin_kan_Ìbàdàn · Ọjọ́rú, 12:52 òru

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí orúkọ yìí nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni.

Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé, ẹ̀yin ní bẹ́ńṣì. Èmi, bálùwẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá. Ọkọ mi ò mọ̀. Àwọn ọmọ ò mọ̀. Ilé-ìwé ni mo ti kọ́ ọ, ní Yunifásítì, àwa mẹ́ta nínú yàrá kan, a rò pé a lajú. Mo máa ń dúró lórí ìdérí ṣáláńgà òyìnbó, mo á gbé ẹnu sí ojú fèrèsé kékeré tó wà lókè, mo á fẹ́ ẹ síta. Lẹ́yìn náà ọṣẹ, Maclean, lọ́fínńdà, efinrin tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé nítorí rẹ̀. Ìyá ọkọ mi máa ń yìn mí pé mo fẹ́ràn ìmọ́tótó.

Ọkùnrin tó bá jáwọ́, wọ́n á kí i kú oríire. Èmi, ta ni mo fẹ́ sọ fún pé mo jáwọ́, nígbà tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé mo bẹ̀rẹ̀? Tí mo bá ń kanra, kí ni mo fẹ́ sọ pé ó ń ṣe mí? Tí mo bá lọ ra ṣíńgọ́ọ̀mù yẹn, ọmọbìnrin tó wà nílé òògùn á wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n tún ní èèyàn máa ń sanra. Ìyẹn nìkan ni mo lè bá yín ṣe àwàdà lé lórí, ṣùgbọ́n ó ń bà mí lẹ́rù pẹ̀lú.

Mi ò béèrè nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kọ ọ́ síbì kan ni.

Nọ́ọ̀sì_Modákẹ́kẹ́ · Ọjọ́rú, 5:58 àárọ̀

Àǹtí mi, mo kí yín o. Ẹ ti sọ ọ́ fún ẹnì kan báyìí, àwa ni.

Ti sísanra, òótọ́ ni. Àwọn tó jáwọ́ máa ń fi kílò mẹ́rin sí márùn-ún kún ara ní ọdún àkọ́kọ́, tí a bá pín in dọ́gba. Ẹlòmíràn ò sanra rárá. Oúnjẹ á dùn sí yín lẹ́nu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn wà lára rẹ̀.

Ti ìkanra, ẹ sọ pé oorun ni ẹ ò rí sùn. Irọ́ kọ́ ni, ẹ ò ní rí i sùn. Ti ilé òògùn, "ẹnì kan rán mi" ti tó. Kò sí ẹni tó ń béèrè ẹni náà. Ìlú tó ń dójú ti obìnrin lórí nǹkan tó ń tìtorí rẹ̀ kan sáárá sí ọkùnrin, èmi ò ní kí ẹ lọ jẹ́wọ́ fún un kí ẹ tó gba ìwòsàn.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham · Ọjọ́rú, 8:40 àárọ̀

Ọmọ mi, máa wá síbí kọ ọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá wù ọ́. Mi ò mọ̀ ọ́, o ò mọ̀ mí, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Atẹ̀wé_Ṣómólú · Ọjọ́rú, 10:30 alẹ́

Ọ̀la Ọjọ́bọ̀ ni. Mo ti sọ fún ìyàwó mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ kó abọ́ tánganran sókè. Mo ti sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi pé tí mo bá lé e, kó má lọ. Mi ò rí ti apá yẹn rà, owó ṣíńgọ́ọ̀mù náà kọjá mi lóṣù yìí, ṣùgbọ́n mo ní orín ìjẹ̀bú, mo ní Tom Tom, mo ní obì. Ó ku ìdajì kan tí mo pa sínú àpò. Ṣé kí n fi pamọ́ nítorí bó bá le?

Ọmọ_Ìsẹ́yìn · Ọjọ́rú, 10:34 alẹ́

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ sọ ọ́ nù.

Atẹ̀wé_Ṣómólú · Ẹtì, 9:02 alẹ́

Ọjọ́ kejì. Gbogbo ohùn ń dún jù. Ẹ̀rọ tí mo ti ń gbọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, mo fẹ́ fi òòlù fọ́ ọ lónìí. Nígbàkúùgbà tó bá ti ń wù mí, mo ń wo aago fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, márùn-ún, á lọ. Àmọ́ á tún padà wá.

Atẹ̀wé_Ṣómólú · Ajé, 7:15 alẹ́

Ọjọ́ karùn-ún, òun náà sì tún rèé. Mo sọ fún yín. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Kì í ṣe díẹ̀. Káàdì ìgbéyàwó ni mò ń tẹ̀, pupa kúrò lórí búlúù, mi ò rí i tún ṣe, bébà tó tó ọ̀ọ́dúnrún ti bà jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi tó pariwo. Àyà mi ń lù kìkì. Kò ju ìgbésẹ̀ ogún lọ sí ọ̀dọ̀ Máàlámù. Ẹ má bínú sí mi.

Nọ́ọ̀sì_Modákẹ́kẹ́ · Ajé, 7:19 alẹ́

Ẹ má tíì lọ! Kí lẹ jẹ, kí lẹ mu láti àárọ̀? Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi.

Atẹ̀wé_Ṣómólú · Ajé, 7:23 alẹ́

Ìrẹsì lọ́sàn-án. Kọfí bí mo ṣe máa ń mu ún, ife mẹ́rin, torí a ò sùn lánàá. Obì mẹ́ta. Òun ni mo fi ń pa ẹnu dípò sìgá, ó sì ń ràn mí lọ́wọ́ gan-an.

Nọ́ọ̀sì_Modákẹ́kẹ́ · Ajé, 7:31 alẹ́

Áà. Ẹ jókòó, ẹ mu omi, ẹ kà á.

Èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè jó kaféènì, èyí tó ń lé oorun lọ nínú kọfí, dànù. Níkòtíìnì kọ́ ló ń ṣe ìyẹn, èéfín fúnra rẹ̀ ni. Ní gbogbo ọdún tí ẹ fi ń fà á, ife mẹ́rin yín kò ju ìlàjì ti ẹlòmíràn lọ nínú ara yín. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí èéfín dá, ẹ̀dọ̀ á padà sí bó ṣe yẹ kó rí, kọfí á wá pẹ́ lára tó ìlọ́po méjì. Ife mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ di bíi mẹ́jọ. Obì ńkọ́? Kaféènì ló wà nínú òun náà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ obì tẹ́lẹ̀ kó mẹ́ta lé e lórí. Kí ọwọ́ wo má gbọ̀n? Bí ẹ bá gbé e fún akọ màlúù á sáré.

Mi ò ní àìsí sìgá ò lọ́wọ́ sí i rárá. Ṣùgbọ́n ìyẹn ti yẹ kó máa lọlẹ̀ lónìí, tiyín ń gòkè. Ẹ pa obì tì. Ẹ dín kọfí sí ife kan láàárọ̀, ó pọ̀ jù, méjì. Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn, kí ìyàwó ọlọ́yàyà dúró de ọ̀la. Bí àyà bá ń lù bẹ́ẹ̀ di ọ̀la, tàbí tó ń dùn yín, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má dúró dè mí.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham · Ajé, 7:50 alẹ́

Àbúrò, ṣé o wà níbẹ̀?

Ọmọ_Ìsẹ́yìn · Ajé, 8:35 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n?

Atẹ̀wé_Ṣómólú · Ajé, 9:12 alẹ́

Mo wà. Mo pa ẹ̀rọ. Mo lọ sílé. Mo sùn fún wákàtí kan, ìyàwó mi jí mi, ó ní ta ni Ẹ̀gbọ́n Peckham tó ń wá mi.

Atẹ̀wé_Ṣómólú · Ọjọ́rú, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Ọjọ́ keje. Ife kan lánàá, ife kan lónìí. Mo tún káàdì yẹn tẹ̀. Mo fi awò wo àmì ẹ̀gbẹ́ bébà níbi tí àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé: ìlà kan ṣoṣo, dúdú, tín-ín-rín. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi kó wá wò ó. Kò mọ ohun tó pọ̀ níbẹ̀. Ó ní "Ọ̀gá, bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Ọwọ́ tó gbọ̀n lọ́jọ́ Ajé yẹn, kọfí àti obì ló pọ̀ jù nínú ohun tó mú un.

Obìnrin_kan_Ìbàdàn · Ọjọ́rú, 11:58 alẹ́

Mo ka ti Ajé yẹn nínú bálùwẹ̀, ọ̀kan ń jó lọ́wọ́ mi. Mo gbàgbé láti fà á. Ó jó tán fúnra rẹ̀.

Atẹ̀wé_Ṣómólú · Ẹtì, 8:20 alẹ́

Ọjọ́ kẹtàlélógún. Ẹ gbọ́, ẹ má rò pé mo di áńgẹ́lì. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ìnáwó kan gbé wa lọ sí Ìkòròdú. Ọtí dé, bàbá kan na páálí sí mi, ọwọ́ mi gbà á kí orí mi tó mọ̀. Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì, òòyì kọ́ mi, ó sì rùn. Ẹ gbà mí gbọ́, ó RÙN. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nínú ara mi pé ó ti tán nìyẹn, kí n kúkú fà á tán, kí n ra mìíràn. Ohùn yẹn le ju sìgá lọ. Mo pa á sínú ìgò bíà, mo lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń bu jọ̀lọ́ọ̀fù. Láti ìgbà náà, kò sí òmíràn.

Ikọ́ ń bá mi jà láàárọ̀, ó le ju ti ìgbà tí mò ń fà á lọ. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbálẹ̀, á lọ.

Ti bẹ́ńṣì: mo ṣì ń jókòó síbẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló ti ibẹ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Máàlámù pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní Ìṣẹ́gun, ó ní kí lòun fi ṣẹ̀ mí tí mi ò fi ra ọjà lọ́wọ́ òun mọ́. Mo ra Tom Tom ogún lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ẹyọ kan ṣe èènì.

Ìyá_Ìbejì_Agége · Ẹtì, 8:41 alẹ́

Èmi ṣì ń gbàdúrà o.

Obìnrin_kan_Ìbàdàn · Àìkú, 1:10 òru

Ọjọ́ kẹta. Mo sọ fún wọn pé oorun ni mi ò rí sùn. Bálùwẹ̀ ń rùn ọṣẹ nìkan.

Atẹ̀wé_Ṣómólú · Àìkú, 1:13 òru

Àǹtí, mo wà níbí, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Ẹ rọra mu kọfí o.